Ọgbà Ẹ̀gẹ́ Njideka

Ẹni tó bá dúró níwájú Cassava Garden, àwòrán tí Njideka Akunyili Crosby yà ní 2015, ewé ni yóò kọ́kọ́ rí. Ewé ẹ̀gẹ́ ni, tó ya ìka gbọọrọ gbọọrọ, lórí bébà tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, tó sì fẹ̀ tó márùn-ún. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ojú tó kọjá ewé náà kó tó bá aṣọ pàdé: aṣọ tí wọ́n tẹ ojú obìnrin kan sí, irú èyí tí à ń rà nígbà ìsìnkú, ìwúyè àti ìbò, tí a fi ń rán bùbá. Obìnrin ojú aṣọ náà ni ìyá ayàwòrán, Dora Akunyili.

Ní Èkó, ta ni kò mọ Dora Akunyili? Òun ló darí NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, láti 2001 di 2008. Ó gbógun ti àwọn tó ń ta ayédèrú oògùn débi pé, ní oṣù Kejìlá 2003, àwọn agbébọn yìnbọn sí ọkọ̀ rẹ̀, ọta ibọn sì la gèlè orí rẹ̀ kọjá. Ó díje fún ipò sẹ́nétọ̀ ní 2011, ó sì kú ní 2014. Ìwé ìròyìn ti kọ nípa akin obìnrin yẹn tó. Ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe yàtọ̀: ó gba ojú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ òṣèlú, ó fi í sáàárín ewé, níbi tó ti jẹ́ ìyá ẹni kí ó tó jẹ́ ẹni ńlá.

Mi ò rò pé ẹ̀gẹ́ kàn bọ́ sí i lọ́wọ́ lásán. Kò wọ́pọ̀ kí ohun ọ̀gbìn mọ ọwọ́ obìnrin tó o, ní ilẹ̀ Igbo bíi ti ilẹ̀ Yorùbá. Obìnrin ló ń bó o, tó ń rẹ ẹ́, tó ń yan gààrí tí èéfín ń ta á lójú. Bẹ́ẹ̀ sì ni àjèjì ni ẹ̀gẹ́ níbí. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn Potogí ti gbé e wá sí Áfíríkà, òun ló wá di oúnjẹ ilé. A kì í sì í gbin hóró rẹ̀ sóko. Igi rẹ̀ là ń gé, tí a ń rì mọ́ ilẹ̀ ibòmíràn, á sì ta gbòǹgbò. Obìnrin tó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó fẹ́ òyìnbó, tó ń tọ́mọ ní Los Angeles, mọ ohun tó ń sọ nígbà tó bá ya irú ewé yìí. Ó dá mi lójú pé obìnrin tí wọ́n gbé níyàwó láti Mushin lọ sí Sùúrùlérè péré náà á gbọ́ ọ.

Ìgékúrò yẹn kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Yábàá, ní Èkó, ló ti bẹ̀rẹ̀. Enugu ni wọ́n bí Njideka sí ní 1983, láti ibẹ̀ ló sì ti wá sí Queen's College, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1927. Láàárín àwọn ọmọbìnrin tó ti igun gbogbo Nàìjíríà wá ni ọmọ Enugu ti kọ́ bí a ṣe ń gbé nílùú ẹlòmíràn. Ní 1999, ó re Amẹ́ríkà. Ó kàwé gboyè ní Swarthmore, ó padà wálé wá ṣe àgùnbánirọ̀, ó sì tún lọ kọ́ àwòrán síi títí dé Yale. Ní 2017, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn MacArthur.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Ó ń kó fọ́tò jọ láti inú álíbọ́ọ̀mù ẹbí, ìwé ìròyìn Nàìjíríà àti páálí àwo orin, á tẹ̀ wọ́n jáde, á wá fi acetone, omi tí àwọn obìnrin fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò léèékánná, sọ wọ́n di òjìji lórí bébà. Lẹ́yìn náà ni yóò fi pẹ́ńsù, èédú àti ọ̀dà parí iṣẹ́. Nítorí náà, bí o bá sún mọ́ ewé kan tó yà, o lè bá ìgbéyàwó nínú rẹ̀, o lè bá olórin tàbí olóṣèlú àtijọ́. Láti òkèèrè, ewé tútù ni.

Nínú Still You Bloom in This Land of No Gardens, tó yà ní 2021, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, ewé sì ṣù bò wọ́n níwájú. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìyá náà ní láti fi ojú la ewé kọjá. Ìyá ọlọ́mọ tí à ń rí nínú àwòrán ilẹ̀ wa sábà máa ń wà ní gbangba, ó ru ẹrù, ó pọn ọmọ, gbogbo ayé ń wò ó. Níhìn-ín, ẹnì kan fún un láàyè kó jókòó, wọ́n sì fi ewé ṣe ọgbà yí i ká. Mi ò mọ àwòrán mìíràn tó bọ̀wọ̀ fún àárẹ̀ ìyá tó bẹ́ẹ̀.

Ní 2018, Lọ́ńdọ̀nù gbé iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Remain, Thriving sí ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Brixton, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Karíbíánì àti ti Áfíríkà ń gbé, kí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Yábàá náà ti ní ibùdókọ̀ ojú irin tuntun báyìí, ti Red Line, tí wọ́n ṣí ní 2024. Àwọn ọmọ Yabatech tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà nítòsí ibẹ̀, orí fóònù ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wo iṣẹ́ Njideka, fóònù kò sì lè fi fọ́tò inú ewé hàn dáadáa. Ìjọba Èkó ì bá bẹ̀ ẹ́ kó wá ya ògiri kan fún wa níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni kí ó yà, kí ó ga ju ènìyàn lọ, kí àwọn obìnrin tó ń ru ẹrù bọ̀ láti Tẹ́júoṣó àti àwọn ọmọ Queen's College lè dúró tì í, kí wọ́n máa wá ojú ẹni tí wọ́n mọ̀ nínú rẹ̀.