Sípésà Ẹsẹ̀ Ọkọ̀: Iṣẹ́ Tó Wà Lẹ́yìn Rímù

Ihò márùn-ún ló wà lára rímù Toyota Camry ọdún 2002 sí 2006, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà sọ ní Big Daddy. Márùn-ún náà ló wà lára ti Honda Accord ọdún 2003 tí wọ́n ń pè ní End of Discussion. Bí a bá fa ilà róbótó kan gba àárín àwọn ihò náà, mìlímítà 114.3 ni fífẹ̀ rẹ̀ lára àwọn méjèèjì. Nọ́ọ̀tì wọn pàápàá, tírẹ́ẹ̀dì kan náà ni: ti Toyota á wọ bóòtù Honda, ti Honda á sì wọ ti Toyota. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti máa ń parí ìṣirò wọn ní ọjà Ládìípọ̀ ní Muṣin. Ihò bá ihò mu, owó bá àpò mu, ó tán.

Ó ku ihò kan tí wọn ò wọ̀n. Ihò ńlá tó wà láàárín rímù, níbi tí orí họ́ọ̀bù ti ń yọjú síta, mìlímítà 60.1 ni lára Camry. Lára Accord, 64.1 ni. Rímù Camry kò ní wọ họ́ọ̀bù Accord rárá, ìyẹn ò sì burú, torí ẹni tó rà á á ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ti ra nǹkan tí kì í ṣe tòun. Rímù Accord lára Camry gan-an ni wàhálà. Á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, àlàfo mìlímítà méjì á sì yí orí họ́ọ̀bù ká. Nígbà tí ọkọ̀ náà bá bọ́ sí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí, sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, olówó ọkọ̀ á sì máa bú ẹni tó bá a ṣe báláǹsì táyà.

Irú ibi báyìí ni sípésà ti ń wúlò. Irin pẹlẹbẹ róbótó ni, alumíníọ̀mù ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àárín họ́ọ̀bù àti rímù ni wọ́n ń kì í sí, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè sún síta. Èyí tó dára lè ní ihò 60.1 nínú láti gbé orí họ́ọ̀bù Camry mì, kó sì ní ètè 64.1 níta láti di rímù Accord mú. Rímù tí kò bá ọkọ̀ náà tan á wá jókòó lórí rẹ̀ bí ẹni pé ilé iṣẹ́ kan náà ló rọ wọ́n. Ẹni tó ń kọ èyí, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, kò tíì rí ohun tó dùn ún fi ọwọ́ kàn nínú iṣẹ́ náà tó àsìkò tí ètè yẹn bá wọnú rímù, tí a mì í tí kò mì.

Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá sípésà kò tilẹ̀ ní ìṣòro ihò kankan. Ẹwà ni wọ́n ń wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn bá mi ki sípésà sí i, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè jáde."

"Àbúrò, kó jáde lọ síbo? Mú okùn yẹn wá ná."

Kò sóhun tó burú nínú kí ọkọ̀ dúró gbagidi. Porsche fúnra rẹ̀ ti ta sípésà mìlímítà 5 fún àwọn tó ra 911 lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ okùn ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Oníṣẹ́ á so nọ́ọ̀tì ńlá kan mọ́ ìdí rẹ̀, á sọ ọ́ kalẹ̀ láti etí fẹ́ńdà, á wá fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti ibi tí táyà ti yọ jù. Ká ní mìlímítà 22 ló rí. Aláìmọ̀kan á ra 20. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ ní kí ènìyàn mẹ́ta kó sí ẹ̀yìn ọkọ̀, kí wọ́n gbé ẹrù tó ṣe gúnmọ́ sínú búùtù, á wá tún un wọ̀n. Ó mọ̀ pé ìyá àti àwọn ọmọ ń bọ̀ wá wọ ọkọ̀ náà, pé àpò ìrẹsì á wà ní búùtù lọ́jọ́ ọdún, àti pé kòtò ojú títì wa kì í kéde kó tó dé. Ní ti ẹsẹ̀ iwájú, á yí sítíárìn dé òpin lápá ọ̀tún, á yí i dé òpin lápá òsì. Lẹ́yìn gbogbo èyí, 15 ló máa ń kù nínú 22 yẹn.

Nǹkan le díẹ̀ níbi tí 15 yìí ti pàdé bóòtù.

Sípésà tó nípọn máa ń ní bóòtù tirẹ̀. Nọ́ọ̀tì kan á de sípésà mọ́ họ́ọ̀bù, òmíràn á de rímù mọ́ sípésà. Bí sípésà náà bá tinrín ju bí bóòtù inú ọkọ̀ ṣe gùn lọ, orí bóòtù á yọ síta, á sì lọ kan ẹ̀yìn rímù. Aṣiṣe yìí kì í jẹ́ kéèyàn fura: nọ́ọ̀tì á le lọ́wọ́, sípánà á kọ̀ láti yí mọ́, gbogbo rẹ̀ á dà bí ohun tó ti dè. Orí bóòtù márùn-ún ni rímù náà dúró lé, kò fara kan sípésà tó yẹ kó jókòó lé. Ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ gidi fi máa ń kun orí bóòtù ní ọ̀dà díẹ̀, kó gbé rímù lé e, kó tún sọ ọ́ kalẹ̀ kó lè wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ọ̀dà bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, kò lè lọ. Àwọn rímù kan ní kòtò lẹ́yìn tí orí bóòtù lè wọ̀ sí. Àwọn mìíràn kò ní. Àwọn kan máa ń gé bóòtù kúrò pẹ̀lú ẹ̀rọ. Iṣẹ́ burúkú ni, torí lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ sípésà náà, bóòtù tó kù lára ọkọ̀ kò ní gùn tó láti di rímù mú. Ẹni tó fẹ́ 15 lè yọ bóòtù họ́ọ̀bù, kó fi èyí tó gùn sí i dípò rẹ̀, kó sì lo sípésà tí bóòtù máa gba inú rẹ̀ kọjá.

Àwọn tín-ín-rín, mìlímítà 3 tàbí 5, dà bí ohun tí kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Irọ́ ni. Ní ti Camry àti Accord wọ̀nyí, ìyípo kan tí nọ́ọ̀tì bá yí, mìlímítà 1.5 ló wọlé. Sípésà 5 ti jẹ ju ìyípo mẹ́ta lọ nínú rẹ̀. Ohun tí a sì fi kọ́ni nídìí iṣẹ́ ni pé kí nọ́ọ̀tì wọlé, ó kéré tán, tó bí bóòtù náà ṣe nípọn tó: bóòtù mìlímítà 12, ìyípo mẹ́jọ. Ọwọ́ ni a fi ń kà á, kì í ṣe ẹ̀rọ. Bí ó bá yí ní ìgbà márùn-ún tó sì ti dúró, ká yọ sípésà náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tín-ín-rín yìí tún máa ń gbé orí họ́ọ̀bù mì láìní ètè níta, débi pé rímù kò ní ohun tó máa mú un dúró sí àárín mọ́. Ní ti àwọn tó ń to wọ́ṣà sórí bóòtù kí wọ́n má bàa ra sípésà rárá, tàbí tí wọ́n ń to sípésà méjì lé ara wọn, ẹ máa sá fún wọn.

Nọ́ọ̀tì pàápàá ní ojú tirẹ̀. Ti Honda rí róbótó nídìí bíi bọ́ọ̀lù. Èyí tí Toyota ń lò fún rímù alumíníọ̀mù rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó ní wọ́ṣà lábẹ́. Ti ọ̀pọ̀ rímù àti sípésà tí wọ́n ń tà lọ́jà sì ṣóńṣó. Tírẹ́ẹ̀dì lè bára mu kí ojú má bára mu, etí kékeré nìkan ni nọ́ọ̀tì náà á sì fi tẹ rímù.

Kí ó tó di pé a ń de nọ́ọ̀tì, búrọ́ọ̀ṣì onírin gbọ́dọ̀ kọjá lójú họ́ọ̀bù. Ìpata tó wà níbẹ̀ á rún nígbà tí ọkọ̀ bá rìn, nọ́ọ̀tì á sì dẹ̀. Torí bí irin ṣe fún mọ́ irin ló ń gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ dúró. Bóòtù ń nà díẹ̀ bíi rọ́bà nígbà tí a bá dè é, nínà yẹn ló sì ń fún wọn pọ̀. Toyota ní kí a de nọ́ọ̀tì Camry dé 103 Nm, Honda ní kí ti Accord dé 108. Lórí sípánà tó gùn tó ìdajì mítà, 103 yẹn dà bí ìgbà tí a bá gbé ẹrù bíi kìlógíráàmù 21 kọ́ sí ìdí rẹ̀. Ẹ wá wo fọkanáísà tó wọn kìlógíráàmù 80, tó dúró lé sípánà kan náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì: agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin. Bóòtù tó bá nà kọjá ààlà kì í padà sípò. Torque wrench, sípánà tó ń kéde fúnra rẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀tì bá dè tó, ni kí wọ́n lò, kí wọ́n sì máa dè é ní ìdojúkọ, èyí lókè, èyí nísàlẹ̀, dípò kí wọ́n tò ó yípo.

Ní Jámánì, sípésà kò ṣeé kì bọ ọkọ̀ láìní ìwé. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi H&R àti Eibach ń fi ìwé náà kún ọjà wọn, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò, irú bíi TÜV, ló sì ń wò ó bóyá ó bá òfin mu. Nílẹ̀ wa, ojú àti ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ni ìwé. Ó sì yẹ kí ó sọ fún oníbàárà pé bí rímù bá ṣe ń jáde sí i ni bíárìn ń ru ẹrù sí i, kí ó má bàa yà á lẹ́nu tí bíárìn bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Bí ẹ bá ti ki sípésà sí ọkọ̀ yín, ẹ padà sọ́dọ̀ oníṣẹ́ náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti rin 80 sí 160 kìlómítà. Èkó sí Ìbàdàn ti tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kó tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà sílẹ̀, torí nọ́ọ̀tì tó de sípésà mọ́ họ́ọ̀bù kò ṣeé fi sípánà kàn láti ìta. Bó bá sọ fún yín pé kò pọn dandan, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.