Ọwọ́ Tó Mọ 504

Bí wọ́n bá ti gbé orí ẹ́ńjìnì Peugeot 504 kúrò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí kíráńkì rẹ̀ mọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì kan ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ iṣẹ́ ń gbọ́ kí wọ́n tó fi sípánà lé e lọ́wọ́. Sílíìfù mẹ́rin tí písítìnì ń lọ tó ń bọ̀ nínú wọn kò lẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù. Inú omi ni wọ́n dúró sí. Ìdí wọn jókòó lórí síìlì tẹ́ẹ́rẹ́, orí ẹ́ńjìnì ló sì ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ látòkè. Bí orí bá kúrò tí ẹnìkan wá yí kíráńkì, písítìnì á gbé sílíìfù gòkè díẹ̀, síìlì á bàjẹ́, omi á sì ráyè wọ inú ọ́ìlì. Ẹni tó yí i lè má mọ̀ rárá. Onímọ́tò ló máa mọ̀, lọ́jọ́ tó bá fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ tó rí i pé ọ́ìlì ti funfun, tó ti ki.

Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ti dàgbà. Bàbá ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Mo dúró tì í nígbà tó ń tú mọ́tò ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìlaròó, 504 GL aláwọ̀ eérú tí wọ́n tò ní Kàdúná. Bóòtì mẹ́wàá ló de orí mọ́ búlọ́ọ̀kù, àwọn kan náà ló sì di ọ̀pá rọ́kà mú. Bàbá kì í tú ọ̀kan tán kó tó kan èkejì. Ó ń dẹ gbogbo wọn díẹ̀díẹ̀, láti etí wá sí àárín, kí orí tó jẹ́ alumíníọ́mù má baà wọ́. Nígbà tí bóòtì jáde tán, kò fa orí náà sókè. Ó ki ọ̀pá irin méjì bọ ihò bóòtì, ó fà wọ́n sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó tì wọ́n padà, ó tún fà wọ́n, jẹ́jẹ́, títí gáskẹ́ẹ̀tì fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Bó bá fà á sókè tààrà, sílíìfù lè bá a lọ. Kí orí tó dé orí tábìlì, ọmọ iṣẹ́ ti mú wáṣà ńlá àti bóòtì kúkurú, ó ti fi wọ́n tẹ etí sílíìfù mọ́lẹ̀. Bàbá ló gé àwọn wáṣà yẹn fúnra rẹ̀ lára irin pẹlẹbẹ. Wọ́n ti pẹ́ débi pé etí tó ń kan sílíìfù ti dán.

Kì í fi sáńpépà kan alumíníọ́mù. Igi tó gbẹ́ pẹlẹbẹ ló fi ń họ èérún gáskẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà á fi epo bẹntiróò nù ún. Ó gbé rúlà irin lé ojú rẹ̀ ní òró, ní ìbú, láti igun dé igun, ó sì bẹ̀rẹ̀ wo ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ lábẹ́ rúlà. Ìmọ́lẹ̀ yọ láàárín sílíndà kejì àti ẹ̀kẹta. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fá a, ṣùgbọ́n kí wọ́n fá a níwọ̀nba. Orí tí wọ́n bá fá jù, ẹ́ńjìnì rẹ̀ á máa dún kọ́kọ́kọ́ bó bá ń gun òkè.

Kó tó tú ohunkóhun rárá ló ti béèrè ohun tó mú kí ẹ́ńjìnì gbóná jù. Fáánù ni. Peugeot kò fi fáánù 504 sílẹ̀ kó máa yí ṣáá. Mágínẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ tó ń dì í mú nígbà tí omi bá gbóná, tó sì ń tú u sílẹ̀ nígbà tó bá tutù. Ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì wa kì í ní sùúrù fún un. Wọ́n á fi bóòtì so fáánù pọ̀, wọ́n á yọ tàmósítààtì jù sínú igbó, wọ́n á ní ó parí. Ọ̀gá ilé ìwé náà bi í léèrè bóyá kò ní rọrùn jù kí àwọn so ó pọ̀.

“Ó rọrùn, Tíṣà,” ni Bàbá wí. “Ẹ̀yin náà lẹ máa ra epo tó máa jẹ.”

Kábọ́ọ̀nù kékeré tó ń gbé iná dé ibi mágínẹ́ẹ̀tì ló ti jẹ tán. Bàbá mú kábọ́ọ̀nù sítátà àlòkù kan, ó gé e, ó fi fáìlì rín in, ó dán an wò, ó tún rín in, títí ó fi wọ ilé rẹ̀ láìmì. Àwọn tó ń kó irú mọ́tò yìí jọ ní ilẹ̀ Faransé àti ní Gẹ̀ẹ́sì máa ń fẹ́ kí gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ jẹ́ èyí tó ti iléeṣẹ́ wá. Ní tèmi, kábọ́ọ̀nù sítátà yẹn bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ṣe mọ́tò náà ju fáánù tuntun tí wọ́n fi bóòtì dè lọ. Àmọ́ ohun kan wà tí mi ò bá Bàbá gbà: bí kábúrétọ̀ Solex bá ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, ti Japan ló ń gbé síbẹ̀, á ní iná rẹ̀ mú ju tàtijọ́ lọ. Solex mélòó kan ń pata lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń dùn mí.

Nígbà tí orí padà dé, tápẹ́ẹ̀tì ló kù. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, àlàfo 0.10 mílímítà ni fáàfù tó ń gba epo wọlé ń fẹ́, 0.25 sì ni ti èyí tó ń tú èéfín jáde. Bàbá kì í méfò, fílà géèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára fílà kò tó fún un. Bó ṣe ń jáde ló ń fetí sí. Ó gbọ́dọ̀ jáde bí ìgbà téèyàn ń fa abẹ́rẹ́ la aṣọ òkè kọjá: kó fà, kó má há. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ dán an wò. Ọmọ náà fà á, ó ní, “Ó ti dáa, Ọ̀gá.” Bàbá fi sípánà kan nọ́ọ̀tì, mi ò rí i kó yí, ó ní kó tún fà á. Ojú ọmọ náà yí padà. Ó ti yàtọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé mọ́tò Tíṣà lásán ni mò ń sọ. Ní Paris, lọ́dún 1968, ni Peugeot ti gbé 504 jáde. Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì ló bá wọn ya àwòrán rẹ̀. Nígbà tó di 1969, onílẹ̀kùn méjì dé, kúpé àti èyí tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká, Pininfarina ló sì ń kan bọ́dì wọn. Méjèèjì lápapọ̀ kò ju bíi 31,000 lọ, nígbà tí gbogbo 504 lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Ove Andersson fi 504 gba ife eré ìje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1975, ọdún yẹn gan-an tí wọ́n ṣí iléeṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas fi kúpé oní-V6 gba Safari, Porsche ló ṣe ipò kejì. Kí ọdún yẹn tó parí, ó tún fi kúpé gba ìje Côte d'Ivoire, níbí lápá ọ̀dọ̀ wa. Ká sòótọ́, àwọn awakọ̀ tó kó èrò kún sítéṣọ̀n wágọ̀n, tí wọ́n di ẹrù àti ewúrẹ́ mọ́ orí rẹ̀, tí wọ́n ń sáré nínú eruku pupa láàárín Ìlaròó àti Ìdí-Ìròkò nígbà òjò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sẹ́ni tó fún wọn ní ife kankan.

Ẹ́ńjìnì onísílíndà mẹ́rin tó wà nínú kúpé àkọ́kọ́, irú rẹ̀ ló wà nínú sàlúùnù. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ tó mọ ti Tíṣà fi mọ ti olówó.

Ẹnu ibodè ló jẹ́ kí 504 pẹ́ ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó. Lódìkejì, ní orílẹ̀-èdè Benin, láti Pobẹ̀ dé Àjàṣẹ́, ilẹ̀ tí Faransé ṣàkóso rí ni, Peugeot sì ti pọ̀ níbẹ̀ tipẹ́, pàápàá pikọ́ọ̀pù tí wọ́n fi tapólì bò lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni síìlì àti gáskẹ́ẹ̀tì ti máa ń wá. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti ibodè pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí wọ́n sì tún ní kí ẹnikẹ́ni má gbé epo lọ sí ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ibodè ní oṣù kọkànlá, mọ́tò tó fẹ́ rìn kò rí epo, èyí tó fẹ́ àtúnṣe kò rí pààtì. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí Ìdí-Ìròkò padà. Òkú 504 tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni Bàbá ń tú jẹ ní gbogbo àsìkò yẹn.

Ibodè yìí kan náà ló kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń ra mọ́tò àlòkù. Sípíríǹgì méjì-méjì ni Peugeot fi sẹ́yìn wágọ̀n ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn onífàyàwọ́ á tún fi kún un kí ìdí ọkọ̀ má baà wálẹ̀ bí wọ́n bá kó ìrẹsì. Bí wọ́n bá fẹ́ tà á, wọ́n á yọ sípíríǹgì àfikún, wọ́n á kùn ún. Bàbá á sùn sábẹ́ rẹ̀, á tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí orí sípíríǹgì ti ń kan bọ́dì. Bí irin ibẹ̀ bá ti wú tàbí tó ti sán, ó ti mọ iṣẹ́ tó ṣe.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti Èkó wá, ó fẹ́ sàlúùnù àtijọ́ tí yóò máa wà lópin ọ̀sẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017 ni wọ́n ti fòfin de kíkó mọ́tò gba orí ilẹ̀ wọlé, nítorí náà méjì tó wà nílẹ̀ yìí, tí pépà wọn pé, ni wọ́n wò. Bàbá kọ́kọ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnì kí wọ́n tó sítáàtì rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ tutù. Ti èkejì lọ́wọ́ọ́wọ́: ẹni tó ń tà á ti sítáàtì rẹ̀ kí wọ́n tó dé, kí wọ́n má baà rí bó ṣe ń jí láàárọ̀. Ó fi ìka kan ilẹ̀kùn. Irin dún lára àkọ́kọ́, lára èkejì ó ń dún bọ̀mùbọ̀mù níbi tí bọ́dì fílà wà. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó yọ táyà àpọ̀jù nínú búùtù, ó fi orí sukudiráfà tẹ irin abẹ́ rẹ̀. Èkejì lu.

“Èyí ni kẹ́ ẹ rà, bọ̀dá,” ó nawọ́ sí àkọ́kọ́, tí kùn rẹ̀ ti ń ṣí, tí bọ́ńpà rẹ̀ ti pata.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òun á ronú sí i. Èkejì ló ń ya fọ́tò.