« Put on » ní èdè Jámánì: àkíyèsí fún àwọn tí ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè

Bí a bá ṣí ọ̀pọ̀ ìwé atúmọ̀-èdè pélébé, a ó rí ọ̀rọ̀ kan ní apá òsì àti ọ̀kan ní apá ọ̀tún, bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n. Àléébù ètò yìí ni a fẹ́ fi hàn níhìn-ín, nípa wíwo bí « put on » ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń di ti Jámánì.

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ẹ̀wù, fìlà àti táì. Jámánì kò gbà bẹ́ẹ̀. « Anziehen » ni ti ẹ̀wù àti bàtà. « Aufsetzen » ni ti fìlà. « Umbinden » ni ti táì. Ìwé tí ó kọ « anziehen » nìkan kò purọ́, ṣùgbọ́n ó ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. A ń wọ ẹ̀wù àti bàtà, a ń dé fìlà, a ń wé gèlè. Síbẹ̀, kí a má ṣe rò pé ààlà tiwa àti ti Jámánì bára mu níbi gbogbo. « Aufsetzen » so fìlà pọ̀ mọ́ awò ojú àti omi tí a gbé ka iná: ohun tí a gbé lé nǹkan lórí ni. « Dé » so fìlà pọ̀ mọ́ ọmọrí ìkòkò: ohun tí ó bo nǹkan ni. Ọ̀rọ̀ ìdàkejì jẹ́rìí sí i: a ń bọ́ ẹ̀wù, a ń tú gèlè, ṣùgbọ́n a ń ṣí fìlà gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣí ìkòkò.

Kí ni èyí kàn wá sí? Nínú ọ̀ràn yìí, Faransé tí a fi kọ́ wa nílé-ìwé sún mọ́ Gẹ̀ẹ́sì: « mettre » gba gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti inú Faransé túmọ̀ ìwé ìkàwé lè kọ « ó fi fìlà sí orí ». Àgbà tí ó ti ń dé fìlà láti kékeré yóò ka gbólóhùn náà, yóò sì rò pé èdè inú ìwé kì í ṣe èdè òun.

Nítorí náà, kí a má ṣe kọ « mettre: fi sí » kí a sì dákẹ́. Kí a kọ ọ̀rọ̀-ìṣe pẹ̀lú àbọ̀ rẹ̀ àti ìdàkejì rẹ̀: dé fìlà, ṣí fìlà, wé gèlè, tú gèlè. Bí a bá sì ń ṣe ìwádìí ní abúlé, fìlà gan-an ni kí a fi han àgbà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Faransé.