Ṣíṣe Ọdún àti Bíbá-ni-ṣe Ọdún: Ipò Ẹlẹ́sìn Mìíràn Nínú Ojúde Ọba Ìjẹ̀bú-Òde

1.0 Ìfáàrà

Ní ọjọ́ kẹta Iléyá ní ọdọọdún, tọmọdé tàgbà máa ń pé jọ sí iwájú ààfin Awùjalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde fún Ojúde Ọba. Àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n dá àjọyọ̀ yìí sílẹ̀, òṣùpá Mùsùlùmí ni wọ́n sì fi ń mọ ọjọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn Kìrìsìtẹ́nì àti àwọn oníṣẹ̀ṣe kì í gbẹ́yìn níbẹ̀.

Èrò méjì ni ó gbajúmọ̀ lórí irú àpéjọ báyìí. Àwọn oníwàásù kan gbà pé ẹni tí ó bá jó níbi ọdún ẹlẹ́sìn mìíràn ti bá wọn sin ohun tí wọ́n ń sìn. Àwọn lámèyítọ́ kan, ẹ̀wẹ̀, gbà pé àṣà lásán ni gbogbo rẹ̀, pé Yorùbá kò ka ẹ̀sìn sí ààlà rárá. Èrò kìíní sọ àlejò di onílé ní tipátipá. Èrò kejì sọ ilé di ahoro tí kò ní onílé. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti pa ààlà sí àárín ẹni tí ó ni ọdún àti ẹni tí ó wá bá a ṣe é, àti pé orí ààlà yìí ni ẹwà Ojúde Ọba dúró lé.

2.0 Ohun tí èdè sọ nípa ọdún

Orúkọ kan náà ni Yorùbá fi ń pe oṣù méjìlá àti àjọyọ̀: ọdún. Ìgbà kì í ṣe ti ẹnì kan. Gbogbo ẹni tí ó bá wà láàyè ni ọdún yí po fún. Ìdí nìyí tí kíkí náà, “ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún”, fi bá Iléyá, Kérésìmesì àti ọdún Egúngún mu bákan náà. Kò sí orúkọ Ọlọ́run tàbí ti òrìṣà kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀mí ẹni tí a ń kí ni a bá a yọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n bí ìgbà tilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ayé, àdúrà àti ètùtù ní ẹni tí ó ni wọ́n. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni èdè fi ń sọ ipò tí oníkálukú wà:

(i) Ràfíù ṣe ọdún Iléyá.
(ii) Jòhánù jẹ ọdún Iléyá nílé Ràfíù.
(iii) Jòhánù bá Ràfíù ṣe ọdún Iléyá.

Nínú (i), Ràfíù ni ó ni ọdún. Nínú (ii), ẹran àgbò dé ọ̀dọ̀ Jòhánù, ṣùgbọ́n àdúrà tí wọ́n fi dúńbú àgbò náà kò kàn án. Gbólóhùn (iii) ni ó jinlẹ̀ jù. Ìṣe kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ṣe, síbẹ̀ bá fi hàn pé ti Ràfíù ni ìṣe náà kí Jòhánù tó dé ibẹ̀. Bí a bá yọ Ràfíù kúrò, Jòhánù kò ní ẹni tí yóò bá ṣe ọdún mọ́. Ṣe ni ó gbé bá ró.

3.0 Ìtàn Ojúde Ọba

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Ìjẹ̀bú ni pé Awùjalẹ̀ Adémúyèwò Fìdípọ̀tẹ̀, ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni ó fún àwọn Mùsùlùmí ìgbà náà láyè láti máa ṣe ẹ̀sìn wọn láìsí ìdíwọ́. Ọpẹ́ oore yìí ni wọ́n ń wá dú ní ààfin lẹ́yìn Iléyá. Ní ọdún 1902 ni Balógun Kúkù gba ẹ̀sìn Ìmàle. Ìtàn náà ní ẹ̀sìn tuntun yìí kò jẹ́ kí ó lè bá àwọn olóyè yòókù ṣe ọdún Odédá mọ́, níbi tí àwọn jagunjagun ti máa ń fi ẹṣin, ìbọn àti ijó yẹ́ ọba sí. Ó wá gbé ẹ̀yẹ náà kúrò níbẹ̀ wá sí ọjọ́ kẹta Iléyá.

Àwọn kan a máa pe èyí ní àdàlù ẹ̀sìn. Ìtàn náà kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ohun tí Kúkù ṣe ni pé ó ya ìbọ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀yẹ. Ó fi èyí tí ó jẹ́ ti òrìṣà sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín, ó sì mú èyí tí ó jẹ́ ti ọba àti ti ìlú dání. Ẹni tí ń da nǹkan lù kì í ṣa nǹkan báyìí.

Orúkọ àjọyọ̀ náà jẹ́rìí sí i. Ojúde ni a ti ń pàdé àlejò. Ìyẹ̀wù ni ti onílé. Ní ọjọ́ Iléyá gan-an, orí pápá Yídì ni àwọn Mùsùlùmí ti ń kírun, àlejò kò sì sí nínú sàfù wọn. Ní ọjọ́ kẹta ni gbogbo ayé tó pàdé ní ojúde. Níbẹ̀ pàápàá, Ìmáàmù Àgbà ni ó ń ṣáájú àwọn Mùsùlùmí nínú àdúrà fún ọba àti ìlú.

Irú ètò yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí nìkan. Ní ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tẹlẹ́sìn gbogbo ni ó ń tẹ̀lé Arugbá lọ sí odò, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó ń ru igbá. Ohun tí ó wà nínú igbá náà kì í ṣe ti òǹwòran.

4.0 Regbẹ́regbẹ́: orúkọ àti ipò

Ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń pín regbẹ́regbẹ́, kì í ṣe ẹ̀sìn. Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tí ó gorí ìtẹ́ ní ọdún 1960 tí ó sì wàjà ní oṣù Keje ọdún 2025, ni ó sọ ètò yìí jí. Nípa báyìí, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ní ń wọ irú aṣọ kan náà lọ kí ọba.

Bí a bá wo orúkọ wọn fínnífínní, a ó rí bá níbẹ̀ pẹ̀lú. Bọ́bagúnwà jẹ́ ìsúnkì bá ọba gúnwà: ìpàrójẹ mú fáwẹ̀lì bá lọ, ohùn òkè rẹ̀ sì bà lé fáwẹ̀lì tí ó tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ yìí kò gun orí ìtẹ́. Ọba ni ó gúnwà, wọ́n bá a gúnwà ni. Wọ́n pín nínú iyì náà láìgba ohun tí kì í ṣe tiwọn. Ipò yìí gan-an ni ẹlẹ́sìn mìíràn wà nínú ọdún tí kì í ṣe tirẹ̀.

5.0 Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú àlejò ní í là, kò fi ríran. Ní ọdún 2024, àwòrán àwọn ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó rí wọn mọ bí agbádá ṣe rí, wọn kò mọ oore tí wọ́n ń dúpẹ́ rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ báyìí, àjọyọ̀ náà lè di ìpàtẹ aṣọ lásán. Ẹni tí kò mọ ohun tí onílé ń ṣe kò bá a ṣe é. Ó kàn wò ó ni.

Èyí tí ó burú ju ìyẹn lọ ni kí wọ́n má jẹ́ kí onílé ṣe tirẹ̀ rárá. Ní ọdún 2023, àwọn Mùsùlùmí kan ní Ìlọrin kọ̀ jálẹ̀ pé ìyálórìṣà kan kò gbọdọ̀ ṣe ọdún ìṣẹ̀ṣe tí ó ti kéde, nítorí pé ìlú Mùsùlùmí ni Ìlọrin. Wọlé Ṣóyínká kọ lẹ́tà gbangba sí Ẹ́mià ìlú náà lórí ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Kò pọn dandan kí Mùsùlùmí kankan bá ìyálórìṣà ṣe ọdún. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti dúró sílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkọ̀ láti bá ni ṣe yàtọ̀ gédégédé sí kíkọ̀ kí ẹni ṣe. Àyè tí wọn kò fún ìyálórìṣà yìí ni Fìdípọ̀tẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú, tí wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ gun ẹṣin wá sí ojúde títí di òní.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Bíbá-ni-ṣe ọdún kì í ṣe ìyípadà ẹ̀sìn, kì í sì í ṣe eré òfìfo. Ó ní ẹni tí ó ni ọdún, ó ní ẹni tí ó wá bá a ṣe é, ó sì ní ojúde tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé. Lámèyítọ́ tí yóò bá ṣe àtúpalẹ̀ irú ọdún báyìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé ta ni ó ń ṣe é, ta ni wọ́n ń bá ṣe é, àti pé ǹjẹ́ wọ́n fún onítọ̀hún láyè láti ṣe é.