Orúkọ Ẹ̀yìn Àwòrán: Ìlọrin Lójú Ayàwòrán Aláìgbowó

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ tuntun ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n òwe náà kan ayàwòrán pẹ̀lú, nítorí pé ohun méjì ni ó so pọ̀: wíwò àti ìsọlórúkọ. Ẹni tí ó bá wò tí kò sì sọ lórúkọ, ìlàjì iṣẹ́ ni ó ṣe. Àbùkù yìí gan-an ni ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú àwòrán ìgbé-ayé ojoojúmọ́ tí àwọn ayàwòrán aláìgbowó ń yà ní ìlú Ìlọrin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹwà kan wà nínú àwọn àwòrán náà tí ti oníṣẹ́ kì í sábà ní.

Ayàwòrán aláìgbowó ni ẹni tí ń fi kámẹ́rà tàbí fóònù rẹ̀ ya àwòrán nítorí pé ó wù ú, tí kì í ṣe nítorí pé oníbàárà bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ó lè jẹ́ olùkọ́, ó lè jẹ́ oníṣòwò, ó sì lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìlọrin, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1975. Ọjọ́ ayẹyẹ ni ọjọ́ ayàwòrán oníṣẹ́: ọjọ́ ìgbéyàwó, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ Ìléyá, àti ọjọ́ tí àwọn ẹlẹ́ṣin bá wọ aṣọ oyè tí wọ́n sì tò lẹ́yìn Ẹ́míà. Àwòrán ẹṣin àti láwàní wọ̀nyí ni ayé fi mọ Ìlọrin, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé wọn kò dára. Ṣùgbọ́n ìlú kì í gun ẹṣin lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí kò sí ayẹyẹ, àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé igbá wàrà wọ ọjà, àwọn ọmọdé ń gbé wàláà lọ sí ilé-kéú, àwọn amọ̀kòkò Dada àti Òkèlele ń sá ìkòkò sí oòrùn, àwọn ahunṣọ sì jókòó sí ìdí òfì. Àwọn ọjọ́ báyìí kò ní ayàwòrán mìíràn ju aláìgbowó lọ. Bí òun kò bá yà wọ́n, kò sí ẹni tí yóò yà wọ́n.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kékeré wo irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ni Seydou Keïta ń ṣe ní ìlú Bàmákò nígbà tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí rẹ̀ kan fún un ní kámẹ́rà Kodak Brownie ní ọdún 1935. Ọdún 1948 ni ó tó ṣí ilé ìyàwòrán tirẹ̀ tí ó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni J. D. 'Okhai Ojeikere, tí a bí ní ọdún 1930 ní Ovbiomu-Emai, ní ilẹ̀ tí ó ti di Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Kámẹ́rà Brownie D kan ni ó rà ní ọdún 1950, aládùúgbò rẹ̀ ni ó sì kọ́ ọ ní bí a ti ń lò ó. Ọdún 1954 ni iṣẹ́ ìjọba tó mú un dé Ìbàdàn, níbi tí ó ti ń ṣe ìrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fíìmù. Ìfẹ́ ni ó ṣáájú owó nínú ìtàn àwọn méjèèjì.

Iṣẹ́ Ojeikere yìí ni ó tó fi díwọ̀n ohun tí àwọn ayàwòrán Ìlọrin ń ṣe. Lẹ́yìn tí ó dara pọ̀ mọ́ Ìgbìmọ̀ Iṣẹ́ Ọnà Nàìjíríà ní ọdún 1967, ó bẹ̀rẹ̀ sí ya irun àwọn obìnrin ní ọdún 1968, kò sì dáwọ́ dúró títí àwọn àwòrán náà fi tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún. Ohun ojoojúmọ́ ni irun dídì. Kò sí àdúgbò tí kò ní onídìrí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí Ojeikere fi mú un yàtọ̀. Ẹ̀yìn orí ni ó yà nínú púpọ̀ nínú wọn, ní dúdú àti funfun, láìsí ọjà, láìsí ilé, láìsí ohunkóhun tí yóò pín ọkàn ẹni tí ń wò ó níyà. Irun náà dúró bí ère. Lẹ́yìn èyí, ó sọ ọ́ lórúkọ: àwòrán kan tí ó yà ní ọdún 1975 ni ó pè ní Onílé Gogoro tàbí Àkàbà. Ẹni tí ó bá ka orúkọ náà tán tí ó tún wo irun náà, yóò rí ilé gíga níbi tí ó ti rí òwú àti irun tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a pàtẹ àwọn àwòrán náà ní Paris ní ọdún 2000, àti ní Venice ní ọdún 2013, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀, orúkọ wọn bá wọn rìn. Èyí já irọ́ àwọn tí ń wí pé àwòrán tí ó dára kò nílò ọ̀rọ̀. Láàárín Yorùbá, kò sí ohun tí ó níyì tí kò ní oríkì.

Síbẹ̀, iṣẹ́ ńlá yìí pàápàá ní ibi tí ó kù sí. Irun ní orúkọ, orí tí ó gbé irun kò ní. Ta ni obìnrin náà? Ta ni onídìrí tí ìka rẹ̀ kọ́ ilé gogoro náà? Àwòrán náà kò dáhùn. Orúkọ iṣẹ́ là, orúkọ òṣìṣẹ́ ṣègbé. Kì í ṣe pé Ojeikere kò mọ iyì ènìyàn. Irun ni ó ń to jọ, ohun tí ènìyàn bá sì ń to jọ ni yóò gba gbogbo ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ya ìgbé-ayé ìlú, tí kì í ṣe irun nìkan, kò lè dúró níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí Stephen Sprague, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, rí nígbà tí ó ṣe ìwádìí láàárín àwọn ayàwòrán Ìlá Ọ̀ràngún ní ọdún 1975. Ìwé ìròyìn African Arts ni ó tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde ní ọdún 1978. Ó ṣàkíyèsí pé àwòrán àgbàlagbà ní ìlànà: àgbà náà jókòó, ó kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, ó tẹ́ ọwọ́ lé orí itan, aṣọ rẹ̀ tí ó dára jù lọ sì tàn ká gbogbo ara. Ó tún rí bí àwọn ayàwòrán ti ń ṣe nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú: wọn a ya èyí tí ó kù, wọn a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí àwọn méjèèjì lè tún jókòó pọ̀. Níbí, ènìyàn ni ó ṣáájú. Gbogbo ará ilé mọ ẹni tí ó wà nínú àwòrán, kò sì sí ẹni tí a yà láìjẹ́ pé ó múra sílẹ̀. Àbùkù ọ̀nà yìí ni pé iṣẹ́ kò hàn nínú rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ wọ agbádá, ó dà bí ọlọ́jà. Alápatà wọ agbádá, ó dà bí alágbẹ̀dẹ. Iyì wà níbẹ̀, ìgbé-ayé ojoojúmọ́ kò sí.

Ọ̀nà kẹta ni ti Akinbode Akinbiyi, tí a bí ní Oxford ní ọdún 1946, tí ó sì ti pẹ́ ní Berlin. Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan láti kọ́ iṣẹ́ àwòrán. Ó kọ́ ara rẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀ kejì. Ó ń rìn ní ìgboro Èkó àti àwọn ìlú ńlá mìíràn ní ìwọ̀nba ìwọ̀nba, ó ń ya ohun tí ó bá pàdé, ó sì tún ń padà lọ síbi kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2024 ni ìlú Berlin fún un ní ẹ̀bùn Hannah Höch. Lára àwọn àwòrán rẹ̀ tí ó wọni lọ́kàn jù lọ ni ti etíkun Bar Beach ní Èkó: àwọn tí ń gbàdúrà, àwọn tí ń ta ọjà, àwọn tí wọ́n kàn dúró tí wọ́n ń wo òkun. Iyanrìn tí a kó dà sí òkun láti fi tẹ ìlú tuntun Eko Atlantic dó ti bo etíkun náà. Àwọn ènìyàn inú àwòrán náà kò ní ibi tí wọn yóò padà sí mọ́ bí kò ṣe inú àwòrán.

Ayàwòrán aláìgbowó ti Ìlọrin lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ní ohun kan tí ó ju tiwọn lọ: ọmọ ilé ni. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àlejò tí ó bá dé Dada yóò rí èéfín, yóò rí obìnrin tí ó tẹ̀ba, yóò sì yà á láti ẹ̀yìn, yóò kọ “amọ̀kòkò” sí abẹ́ rẹ̀, yóò sì lọ. Ọmọ ilé mọ̀ pé ìkòkò kì í ṣe ìkòkò lásán. Àmù tí ń tu omi nínú yàtọ̀ sí ìṣaasùn tí a fi ń se ọbẹ̀, ìṣaasùn sì yàtọ̀ sí àjẹrẹ tí a lu ní ihò. Ó mọ̀ pé màmá tí ń mọ̀ ọ́n ní orúkọ, ó ní ilé, ó ní ẹni tí ó kọ́ ọ níṣẹ́. Bákan náà ni ìdí òfì: àlejò yóò ya àwọ̀ òwú nítorí pé ó tàn, ọmọ ilé yóò béèrè bóyá ẹtù ni, tàbí àlàárì, tàbí sányán. Ohun ìbànújẹ́ ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ilé ni ó ń yàwòrán bí àlejò. Wọ́n mọ orúkọ wọ̀nyí, wọn kò kọ ọ́. Wọ́n ń ya màmá láti ẹ̀yìn bí ẹni tí ń jí nǹkan, nígbà tí ó jẹ́ pé ìkúnlẹ̀ àti “Ẹ kú iṣẹ́, mà” ì bá mú un kọjú sí wọn.

Ọ̀ràn ìyọ̀ǹda yìí kò kéré ní ìlú àwọn àlùfáà. Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé yíya àwòrán ohun abẹ̀mí kò tọ́, wọ́n sì ní ẹ̀rí nínú hádíìsì. Àwọn mìíràn tẹ̀lé irú èrò tí Muhammad Bakhit al-Muti'i, tí ó di Mùfútì Àgbà ilẹ̀ Íjíbítì ní ọdún 1914, kọ sílẹ̀: pé kámẹ́rà kò dá ohunkóhun, òjìji ni ó mú dúró gẹ́gẹ́ bí dígí ti ń mú un, ó kàn jẹ́ pé kò jẹ́ kí ó lọ ni. Kì í ṣe iṣẹ́ ayàwòrán láti yanjú àríyànjiyàn náà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti béèrè. Ẹni tí ó bá kọ̀, kí ó fi í sílẹ̀. Bí ó bá gbà kí a ya ọwọ́ àti iṣẹ́ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kí ojú tàbí orúkọ rẹ̀ hàn, kí ó kọ orúkọ iṣẹ́, àdúgbò àti ọjọ́. Èyí náà tó orúkọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò tó ohun tí à ń pariwo lé lórí, kí ó rántí ìlẹ̀kẹ̀ làǹtànà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ìlọrin ni a mọ̀ mọ́ òkúta pupa tí a ń gé, tí a ń lọ̀, tí a sì ń lu títí yóò fi di ìlẹ̀kẹ̀ fún àwọn ọlọ́lá jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá àti lẹ́yìn rẹ̀. Ayédèrú láti ilẹ̀ Òyìnbó wọlé, iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí kú. Nígbà tí J. D. Clarke kọ̀wé lé e lórí nínú ìwé ìròyìn Nigeria ní ọdún 1938, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìlẹ̀kẹ̀ náà ṣì wà lọ́rùn àwọn ènìyàn àti nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó lù ú ti di ohun tí a ń kà nínú ìwé. Ìlú tí ó fi lílọ irin sọ orúkọ ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti wí, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mìíràn tún sọnù bẹ́ẹ̀. Ìkòkò Dada ń bá ike jà lónìí, aṣọ òfì ń bá aṣọ ẹ̀rọ jà. Kò sí ẹni tí ó lè búra pé wọn yóò borí.

Nítorí náà, ìwọ̀n tí ó yẹ kí a fi wọn àwòrán wọ̀nyí kì í ṣe bí wọ́n ti ń dán tó, tàbí bí iye àwọn tí ó yìn wọ́n ti pọ̀ tó. Ìwọ̀n náà ni pé: lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, bí ọmọ-ọmọ amọ̀kòkò bá mú àwòrán náà lọ́wọ́, ǹjẹ́ yóò lè mọ̀ pé ìyá-ńlá òun nìyí, pé àmù ni ó ń mọ, pé Òkèlele ni ó jókòó sí? Bí kò bá lè mọ̀ ọ́n, àwòrán náà dára fún ojú nìkan. Èyí kò nílò kámẹ́rà olówó iyebíye. Olùkọ́ tí ó wà ní kíláàsì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́la: kí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú àwòrán kan wá láti ilé, kí ó béèrè lọ́wọ́ àgbà ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, ohun tí ó ń ṣe, ibi tí ó wà àti ọdún rẹ̀, kí ó sì fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà tí ó lè dáhùn ṣì wà láàyè.