Olori àti Àwọn Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Yòókù nínú Ìwé Ìtàn Alááwòrán Iyanu

Iyanu jẹ́ ìwé ìtàn alááwòrán tí ó dá lórí ọmọbìnrin aláìlóbìí kan ní ilẹ̀ Yorùbá inú ìtàn, níbi tí agbára àràmàǹdà wà. Roye Okupe, tí wọ́n bí ní Èkó, ni ó kọ ọ́. Godwin Akpan, ọmọ Nàìjíríà bákan náà, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Dark Horse ní Amẹ́ríkà gbé ìwé kìíní jáde ní ọdún 2021, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìtàn náà di eré katúùnù lórí tẹlifíṣọ̀n. Iyanu ni olú ẹ̀dá-ìtàn, òun ni ó sì fún ìwé lórúkọ. Síbẹ̀, àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pàápàá Olori tí ó tọ́ ọ dàgbà, ni ó jẹ́ kí ìtàn náà dúró. Wọ́n yẹ ní ohun tí a ń fi ara balẹ̀ wò.

Ní ti ìrísí, ìwé aláwọ̀ mèremère ni. A pín ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí àpótí, àwọn kan tóbi, àwọn kan kéré, a sì ń kà wọ́n láti òsì sí ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá-ìtàn wà nínú òbìrí funfun tí ìrù rẹ̀ kọjú sí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìjà bá dé, àpótí á fẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì dín kù. Nígbà tí àgbà bá ń kìlọ̀ fún ọmọ, àpótí á kéré kí a lè rí ojú àwọn méjèèjì dáadáa. Òǹkàwé ní láti ka ojú, ìdúró àti aṣọ mọ́ ọ̀rọ̀ kí ìtàn náà tó lè yé e.

Ní ti kókó ìtàn, Iyanu kò mọ bí òun ṣe ṣẹ̀. Olori ni ó ń tọ́ ọ lẹ́yìn odi ìlú Elu, tí ó ń kọ́ ọ ní ìtàn ilẹ̀ wọn àti ọgbọ́n àtayébáyé. Ọmọ náà fẹ́ kí ìgbé ayé òun rí bíi ti àwọn ẹgbẹ́ òun. Ní ọjọ́ tí ewu dé, agbára kan jáde lára rẹ̀, irú èyí tí ojú kò rí mọ́ láti ayé àtijọ́ tí iṣẹ́ ìyanu wọ́pọ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ Olori ti hàn kedere. Agbára náà kò ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ìkóra-ẹni-níjàánu àti ìmọ̀ tí ọmọ náà yóò fi lò ó, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti wá. Òǹkọ̀wé tipa bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ẹ̀bùn wà lọ́tọ̀, ẹ̀kọ́ sì wà lọ́tọ̀.

Àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì mìíràn ni Biyi àti Toye, ọ̀dọ́ bíi Iyanu. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ rìn láti wá orísun ibi tí ó ń ba ilẹ̀ wọn jẹ́. Bí Olori ṣe dúró fún àgbà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí dúró fún ẹgbẹ́. Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a wò ó. Ìtò àwọn ẹ̀dá-ìtàn inú ìwé yìí bá òwe náà mu.

Irú ìtàn alááwòrán báyìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá ní gúúsù Èkìtì. Láàrin ọdún 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tí ó ṣiṣẹ́ fún Arínjálẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀kùn alábala méjì fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Lára rẹ̀, Ògògà jókòó, ó ń gba ọ̀gá òyìnbó kan, Captain Ambrose, lálejò, ẹni tí àwọn ènìyàn gbé rù wá. Ọlọ́wẹ̀ kò fi iṣẹ́ rẹ̀ mọ sórí ọba àti àlejò. Ó fún ayaba àti àwọn aláàárù ní àyè tiwọn. Ní ọdún 1924, wọ́n pàtẹ ilẹ̀kùn náà ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀n, British Museum ni ó sì wà báyìí. Lẹ́yìn ìgbà náà, ní àwọn ọdún 1970, ìwé ìròyìn Atọ́ka fi fọ́tò àwọn òṣèré tíátà sọ ìtàn ní èdè Yorùbá, tí ohun tí wọ́n ṣe lórí ìtàgé fi di ohun tí a ń kà nílé.

Ìrìn Iyanu yàtọ̀ sí ti Atọ́ka, nítorí ìwé ni ó ṣáájú, tẹlifíṣọ̀n ni ó tẹ̀ lé e. Lion Forge ni ó ṣe eré náà, Cartoon Network sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2025. Serah Johnson ni ó fọhùn fún Iyanu, Okey Jude fún Biyi, Samuel Kugbiyi fún Toye. Adesua Etomi-Wellington ni ó fọhùn fún Olori. Òun kan náà ni ó fọhùn fún Malika, ọbabìnrin jagunjagun inú ìtàn mìíràn tí Okupe kọ, nínú eré kúkúrú tí ó jáde ní ọdún 2019. Eré ń fún òǹwòran ní ohùn àti orin. Ìwé ní tirẹ̀ ń fún òǹkàwé láyè láti dúró lórí àwòrán kan títí yóò fi yé e.

Àǹfààní ìwé yìí pọ̀. Èkíní, ó ń fa ọmọ tí ìwé gígùn máa ń sú mọ́ ìwé kíkà. Èkejì, ó ń fi ọ̀pọ̀ iṣẹ́ han ọ̀dọ́: ìtàn kíkọ, àwòrán yíyà, àwọ̀ kíkùn àti títo ọ̀rọ̀ sínú àpótí. Ẹ̀kẹta, ó wúlò ní kíláàsì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí náà olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Èmùré lè ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi Yorùbá, tàbí ẹ̀ka-èdè Èkìtì gan-an, kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí ojú ewé kan. Ó sì lè ní kí wọ́n ya àlọ́ tí wọ́n gbọ́ nílé sínú àpótí mẹ́fà, kí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ nínú àlọ́ náà má baà jẹ́ ìjàpá nìkan.

Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ àǹfààní ìwé náà dáadáa, kí ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó kọ́kọ́ tẹ̀ lé Iyanu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà, kí ó padà tẹ̀ lé Olori nìkan: ibi tí ó ti sọ̀rọ̀, ibi tí ó ti dákẹ́, àti ohun tí ọmọ náà ṣe nítorí ẹ̀kọ́ tí ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kíkà kejì yìí ni yóò jẹ́ kí ó mọ ìdí tí olú ẹ̀dá-ìtàn kan kò fi lè dá nìkan gbé ìtàn.