Igbó àti Ọ̀dàn nínú Ìjálá: Àkíyèsí láti Jobele

Àwọn lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá a máa fi igbó kìjikìji ṣe òṣùwọ̀n ayé ọdẹ. Kò yani lẹ́nu: láti ọdún 1938 tí Fágúnwà ti gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ni igbó ti gba ọkàn òǹkàwé. Èrò wa ni pé òṣùwọ̀n náà kò kún tó fún ìjálá.

Bí a bá wo àyíká Jobele, ọ̀dàn ni a ó rí, irú èyí tí oko ríro àti iná ọdọọdún máa ń mú rọ́pò igbó. Igi igbá dúró láàrin èkan. Àparò àti ọ̀yà ń gbé inú koríko. Koríko bẹẹrẹ tí a fi ń bo ilé ni ó fún ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́ ní orúkọ.

Ìwé Babalọlá tí ó jáde ní 1966 fi hàn pé ìjálá ń ki ẹranko, ẹyẹ àti igi. Àwọn kan ka oríkì wọ̀nyí sí ọ̀ṣọ́ èdè lásán. A kò bá wọn gbà á. Lóòótọ́, àsọdùn wà nínú wọn. Síbẹ̀, ìmọ̀ ọdẹ nípa ìṣe ẹran ni ìpìlẹ̀ wọn. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó ń gbọ́ oríkì ẹfọ̀n ni kò fojú kan ẹfọ̀n rí. Bí oríkì bá wá di ọ̀ṣọ́ lásán lójú àwa náà, ta ni yóò jẹ́rìí ẹran náà?

Nítorí náà, kí a tó túlẹ̀ ìjálá, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ọdẹ léèrè ohun tí ń bẹ nínú koríko.